Ọgbọ́n Ìyá Ọlọ́jà Ni Karen Kọ́ Kọ̀ǹpútà, Ṣùgbọ́n Ó Pẹ́ Kí Wọ́n Tó Fi Í Jẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n

Bí àlejò bá wọ ọjà Gbági n'Ìbàdàn, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá kan tó ń ta aṣọ ni mò ń wá," ẹ̀rín ni wọn ó fi í rín. Ta ni ò ta aṣọ ní Gbági? Ṣùgbọ́n bó bá ní, "Ìyá tó ń ta sányán, tó ní odídẹrẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù ni," ọmọdé pàápàá á mú un débẹ̀. "Aṣọ" tó pè ò ràn án lọ́wọ́, nítorí aṣọ ló kún ọjà. Odídẹrẹ́ ló ràn án lọ́wọ́, torí ẹni tó ní in ò pọ̀.

Ọgbọ́n tí gbogbo ìyá ọlọ́jà mọ̀ yìí náà ni obìnrin òyìnbó kan gbé kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní ọdún 1972. Orúkọ ẹ̀ ni Karen Spärck Jones. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù láti fi wá nǹkan lónìí ló ń jẹ nínú iṣẹ́ ọpọlọ ẹ̀, wọn ò kàn mọ̀ ni.

TÍṢÀ NI TẸ́LẸ̀

Ìlú Huddersfield, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Karen sí ní 1935. Ọmọ ilẹ̀ Norway ni ìyá ẹ̀; ìmọ̀ kẹ́mísírì ni bàbá ẹ̀ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Karen wọ Yunifásítì Cambridge, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ ló lọ kọ́ o. Ìtàn ló kà. Ó ṣe iṣẹ́ tíṣà fúngbà díẹ̀, kó tó bọ́ sọ́dọ̀ Margaret Masterman, obìnrin kan tó ní ibi ìwádìí ní Cambridge, níbi tí wọ́n ti ń wá bí ẹ̀rọ ṣe lè lóye èdè ènìyàn.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé ìwé ti pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ń kọ ọ́, ilé ìkówèésí ń kún, ẹni tó ń wá ẹyọ kan ò tètè rí i. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa bá àwọn wá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ka gbogbo ọ̀rọ̀ sí ọgbọọgba, òkìtì ìwé tí ò wúlò ló máa kó síta.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ìwé 1,000 wà nílé ìwòsàn kan. Ọ̀rọ̀ náà "ibà" wà nínú 900, "ẹ̀tẹ̀" wà nínú 3 péré. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ̀rọ wá ìwé tó sọ̀rọ̀ ibà àti ẹ̀tẹ̀, èwo ló yẹ kí ẹ̀rọ dì mú? Ẹ̀tẹ̀ ni! Ohun tí Karen sọ nìyẹn: kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka iye ìwé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹ̀. Èyí tó wà káàkiri, kí ìwọ̀n ẹ̀ fúyẹ́. Èyí tó ṣọ̀wọ́n, kó wúwo. Ṣebí bí tòmátì ṣe ń ṣe náà nìyẹn? Bó bá ya lu ọjà, owó ẹ̀ a já. Bó bá wọ́n, ẹni tó ní apẹ̀rẹ̀ kan ti dọ̀gá.

Ẹ̀RỌ TÓ Ń GBẸ̀KỌ́

Kò dúró síbẹ̀. Ní 1976, òun àti Stephen Robertson tún fi ọ̀nà mìíràn hàn. Bí ẹni tó ń wá ìwé bá ti yẹ díẹ̀ wò, tó ní "èyí dáa, èyí ò dáa," ẹ̀rọ á wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú èyí tó dáa, á sì fi ìyẹn tún ìwọ̀n ṣe kó tó wá òmíràn. Bí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ló rí. Ọ̀gá ní kó mú sípánà wá, ó mú èyí tó tóbi jù. Ọ̀gá ní, "Kì í ṣe èyí." Nígbà tó bá yá, ọ̀gá ò ní í sọ̀rọ̀ tán tí ọmọ á ti gbé e dé.

IṢẸ́ ŃLÁ, ÀYÈ KÉKERÉ

Ibi tọ́rọ̀ ti dunni rèé. Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ oníwèé àdéhùn ọlọ́jọ́ kúkúrú ni Karen fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Cambridge. Bí ọ̀kan bá parí, a tún wá òmíràn. Ọkọ ẹ̀, Roger Needham, tóun náà jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1981. Ìyàwó ò dé ipò yẹn àfi 1999, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ní 2002 ó fẹ̀yìn tì, ní 2007 ó dolóògbé. Ọdún 2019 ni ìwé ìròyìn New York Times ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìtàn ikú ẹ̀, lára àwọn ẹni ńlá tí wọ́n ti gbójú fò.

Kò torí ìyẹn panu mọ́ nígbà ayé ẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ṣe pàtàkì ju ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún ọkùnrin nìkan lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní: aránṣọ tó bá tẹ "ẹ̀rọ ìránṣọ bàjẹ́" sórí fóònù, òkìtì ló máa rí. Kó kọ orúkọ ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, àti ohun tó ń ṣe é gan-an. Kó sì rántí pé wíwá ni ẹ̀rọ wá ìwé, kò ní kírọ́ má sí nínú ẹ̀. Èkejì: ìyá tí ọmọbìnrin ẹ̀ bá ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ kọ́, kó má sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Obìnrin tó kàwé ìtàn, tó ṣe tíṣà, ló kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n tí gbogbo ayé ń lò.