Kámẹ́rà Díjítà Ìran Méjì àti Iṣẹ́ Fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún: Àfiwéra Canon EOS 300D àti EOS 2000D

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi fọ́tò yíyà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣé kí ó ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò ga ni, àbí kí ó máa tu owó jọ títí yóò fi lè ra èyí tó jẹ́ tuntun? Ohun tí àwọn ọlọ́jà sábà máa ń fi dáhùn ni iye mẹ́gápíksẹ̀lì tó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé iye yẹn nìkan ni ó ń pinnu bí fọ́tò yóò ṣe rí.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n náà kò péye. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe ni ó yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, àpilẹ̀kọ yìí gbé kámẹ́rà méjì fún akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ kalẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe ṣùgbọ́n tí nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà láàárín wọn, ó sì fi oríṣi fọ́tò mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Ìlá dán wọn wò.

Òṣùwọ̀n tí Ìlá fúnra rẹ̀ pèsè

Ní ọdún 1975, Stephen Sprague, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Àbájáde ìwádìí náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, àkọlé rẹ̀ sì dá lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń wo ara wọn. Ohun tí Sprague tẹnu mọ́ ni pé ayafọ́tò Yorùbá kò kàn ń ṣe àfarawé òyìnbó. Ẹ̀rọ àjèjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú inú Yorùbá ni ó fi ń lò ó.

Èkíní nínú oríṣi fọ́tò mẹ́ta náà ni fọ́tò àgbà. Ẹni tí wọ́n ń yà yóò wọ aṣọ iyì, yóò jókòó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Ipò rẹ̀ láwùjọ ni fọ́tò náà ń sọ. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri yàrá àlejò, òun náà ni wọ́n sì ń wá nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé. Èkejì ni fọ́tò ìnáwó àti ti ọdún ìbílẹ̀, níbi tí eégún ti ń jó, tí ìlù sì ń dún. Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ nípa eégún Ìgbómìnà. Ní ọdún 1978 kan náà ni àpilẹ̀kọ John Pemberton lórí rẹ̀ jáde nínú African Arts. Ẹ̀kẹta ni fọ́tò ìbejì, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Àwọn kámẹ́rà méjèèjì

Kámẹ́rà tí dígí wà nínú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Dígí yìí ni ó ń darí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ǹsì wọlé lọ sí ojú ayafọ́tò. Bí ó bá ti tẹ bọ́tìnnì, dígí yóò gbéra, ìlẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò ṣí, ìmọ́lẹ̀ yóò sì bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó gba ipò fíìmù.

Oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Canon kéde EOS 300D. Òun ni kámẹ́rà díjítà onídígí àkọ́kọ́ tí iye rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó dé, àwọn oníwèé ìròyìn àti ọlọ́rọ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà fún. Mẹ́gápíksẹ̀lì 6.3 ni ó ní. EOS 2000D jáde ní oṣù kejì ọdún 2018 pẹ̀lú mẹ́gápíksẹ̀lì 24.1. Àwọn méjèèjì ń lo lẹ́ǹsì EF àti EF-S kan náà. 300D gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ EF-S. Nítorí náà, lẹ́ǹsì tí ènìyàn bá rà fún ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní di aláìwúlò lọ́jọ́ tó bá ra tuntun.

Fọ́tò àgbà: ìtóbi bébà àti àwọ̀ ara

Lójú ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, 24 fi ìlọ́po mẹ́rin ju 6 lọ. Ṣùgbọ́n gígùn àti ìbú ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ kí iye náà tó jáde. Fọ́tò 300D jẹ́ píksẹ̀lì 3,072 ní gígùn àti 2,048 ní ìbú. Ti 2000D jẹ́ 6,000 àti 4,000. Ìlọ́po méjì péré ni ìyàtọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n sórí bébà ní píksẹ̀lì 300 fún íǹṣì kan, ti 300D yóò gùn tó íǹṣì 10, ti 2000D yóò sì gùn tó íǹṣì 20. Ìtumọ̀ èyí ni pé fún fọ́tò tí yóò wọ inú férémù orí tábìlì, ojú lásán kò lè fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìyàtọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ fọ́tò ńlá ti ara ògiri, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ gé ojú ẹnì kan ṣoṣo jáde láti inú fọ́tò ẹbí.

Ẹ̀wẹ̀, sẹ́ńsọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà: mìlímítà 22.7 sí 15.1 ni ti 300D, 22.3 sí 14.9 sì ni ti 2000D. Oko kan náà ni, ebè inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n sọ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìṣòro tó le jù nínú fọ́tò àgbà ni àwọ̀. Ohun èlò tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí wọ́n bá pò ó pọ̀, kò funfun kò sì dúdú, ó wà láàárín méjèèjì. Bí bàbá kan bá wọ agbádá funfun, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù. Agbádá yóò di eléérú, ojú bàbá yóò sì ṣókùnkùn débi pé ilà ojú rẹ̀ kò ní hàn. Àṣìṣe yìí wà nínú ẹ̀rọ méjèèjì, ọgbọ́n ayafọ́tò ni ó ń tún un ṣe: yóò fi kún ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ tuntun ti borí ni àtúnṣe lẹ́yìn yíyà. Bí wọ́n bá fi fọ́tò pamọ́ ní ipò tútù tí wọ́n ń pè ní RAW, 300D lè fi ìpele 4,096 ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òkùnkùn fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. 2000D lè fi ìpele 16,384 ṣe é. Ojú tó ṣókùnkùn ṣeé gbé jáde dáadáa nínú tuntun ju ti àtijọ́ lọ.

Ojú àwòrán ẹ̀yìn kámẹ́rà náà ṣe pàtàkì. Ti 300D jẹ́ íǹṣì 1.8, ẹyọ àmì inú rẹ̀ kò ju 118,000 lọ. Ti 2000D jẹ́ íǹṣì 3, ó sì ní 920,000. Ẹni tó ń lo 300D lè gbà pé fọ́tò òun dára, kí ó tó dé ìdí kọ̀ǹpútà kí ó tó rí i pé ojú oníbàárà kò mọ́lẹ̀ tó.

Òde alẹ́ àti ijó eégún

Ní ọ̀sán gangan, níbi ìṣàn omi Àyìkúnnugbá ní Òkè-Ìlá fún àpẹẹrẹ, ẹ̀rọ méjèèjì yóò ya fọ́tò tó gbámúṣé. Alẹ́ ni wọ́n ti ń yà lọ́tọ̀. Agbára tí sẹ́ńsọ̀ ní láti lo ìmọ́lẹ̀ kékeré ni wọ́n ń fi ISO wọ̀n. 300D kò kọjá 1600. 2000D dé 6400 láìsí àfikún. Ìlọ́po mẹ́rin ni èyí. Níbi ìnáwó kan tí 300D bá ti nílò kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún 1/15 ìṣẹ́jú-àáyá, 1/60 ni 2000D yóò lò pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan náà. Ẹni tó ń jó yóò ti kúrò lójú kan kí 1/15 tó parí, fọ́tò rẹ̀ yóò sì dà bí èéfín.

Síbẹ̀, kámẹ́rà nìkan kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Lẹ́ǹsì 18-55 tó sábà máa ń bá àwọn ẹ̀rọ yìí wá kì í ṣí ojú ju f/5.6 lọ nígbà tí wọ́n bá fà á gùn dé òpin. Lẹ́ǹsì 50 f/1.8, tó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ lára lẹ́ǹsì Canon, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ìṣirò yìí yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ ṣe dáadáa: ẹ̀rọ tuntun fún un ní ìlọ́po mẹ́rin, lẹ́ǹsì tó tọ́ fún un ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. 300D tó ní lẹ́ǹsì 50 f/1.8 yóò mú oníjó dúró lójú kan ju 2000D tó ní lẹ́ǹsì 18-55 lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ohun méjì ni lẹ́ǹsì kò lè ṣe fún 300D. Àkọ́kọ́ ni pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lé ara wọn, fọ́tò mẹ́rin ni yóò yà kí ó tó dúró láti kọ wọ́n sínú káàdì. Bí eégún bá fò sókè ní àkókò yẹn, ó ti bọ́. Èkejì ni pé kò lè ya fídíò rárá. 2000D ń ya fídíò 1920 sí 1080 pẹ̀lú ohùn. Fún ọdún ìbílẹ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí eégún kò pé láìsí ìlù, oríkì àti iwì. Fọ́tò tó dákẹ́ lè fi ẹ̀kú hàn. Kò lè fi ohùn ẹni tó ń kéwì hàn.

Fúláàṣì, bátìrì àti káàdì

Kì í ṣe gbogbo ohun tuntun ni ó sàn ju ti àtijọ́ lọ. Orí 300D ní irin àárín tó ń tan fúláàṣì irú èyíkéyìí. Lórí ọ̀pọ̀ 2000D, Canon ti yọ irin àárín yìí kúrò, débi pé ohun èlò tí àwọn ilé fọ́tò ń lò láti tan iná àtùpà wọn láti òkèèrè kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ayafọ́tò tó ti ní iná ilé fọ́tò tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wo orí ẹ̀rọ náà kí ó tó sanwó.

Ní ti 300D, káàdì CompactFlash tó ń lò kò wọ́pọ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká kò sì ní ojúhò fún un. Àfi kí wọ́n ra ohun tí yóò kà á. Bátìrì BP-511 tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ kì í mú iná dúró, bẹ́ẹ̀ ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró sójú kan kò fàyè gba bátìrì aláìlera. 2000D ń lo káàdì SD tó wà káàkiri, bátìrì rẹ̀ lè ya nǹkan bí 500 fọ́tò, ó sì lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù láìlo wáyà.

Fọ́tò ìbejì àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́

Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ère ni wọ́n ń gbẹ́ fún un. Sprague rí i ní Ìlá pé fọ́tò ti ń gba ipò ère lọ́wọ́ àwọn kan. Ayafọ́tò yóò ya èyí tó wà láàyè, yóò tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò sì tún jókòó pọ̀. Bí èyí tó kú bá jẹ́ obìnrin tí èyí tó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọn yóò wọ aṣọ méjèèjì fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n inú yàrá òkùnkùn nígbà náà ti di ohun tí kò gba àkókò, yálà 300D ni wọ́n fi yà á tàbí 2000D. Ṣùgbọ́n ìdí tí fọ́tò náà fi wà ni pé kí ọmọ má ṣe parẹ́. Níbí ni fíìmù ti ju kámẹ́rà méjèèjì lọ. Nẹ́gátíìfù máa ń wà nínú àpótí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ fọ́tò tán, ó sì ṣeé tún tẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Káàdì díjítà kò rí bẹ́ẹ̀: lọ́jọ́ tí ìnáwó mìíràn bá dé, wọn yóò pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti fi gba tuntun. Fọ́tò kan láti inú 300D gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 3, ti 2000D gba èyí tó lé ní 7. Ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò tó tóbi jù ni ó tètè ń ti ayafọ́tò láti pa àwọn ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àfiwéra yìí fi hàn pé fún fọ́tò àgbà nínú ilé fọ́tò tó ní iná, tí bébà rẹ̀ kò ju íǹṣì 10 lọ, 300D tí ara rẹ̀ le ṣì lè bọ́ olówó rẹ̀. Fún òde alẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ra lẹ́ǹsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ kámẹ́rà. Fún ọdún ìbílẹ̀ tó ní ohùn nínú, 2000D tàbí irú rẹ̀ ni ó yẹ, nítorí ohun tí 300D kò ní kò ṣeé fi ọgbọ́n dí.

Èyíkéyìí tí wọ́n bá rà, kí wọ́n ya owó ohun ìpamọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó kámẹ́rà. Kí wọ́n da fọ́tò sí ibi méjì ó kéré tán kí wọ́n tó pa káàdì rẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí i, kí wọ́n sì tẹ èyí tó ṣe pàtàkì sórí bébà. Fọ́tò tí wọ́n yà ní Ìlá ní ọdún 1975 ṣì ṣeé wò lónìí nítorí pé ẹnì kan tọ́jú rẹ̀.