Kéèkì Ńlá Láìsí Oven: Ẹ Ṣọ́ Àárín Rẹ̀

Ní Èrúwà níbí, ẹni tó fẹ́ yan kéèkì kì í dúró de NEPA. Ìkòkò ńlá, yanrìn gbígbẹ àti èédú ti tó. Yanrìn ni kì í jẹ́ kí iná ta sí ìdí páànù ní tààrà. Ó ń gba ooru mọ́ra, ó sì ń pín in kiri.

Wàhálà kéèkì ńlá, àárín ló wà. Etí ti gbẹ, inú ṣì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Owó ẹyin àti fúláwà wọgbó nìyẹn, àlejò sì ti ń bọ̀!

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Páànù ínǹṣì 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81. Ínǹṣì 18 lọ́nà 18 jẹ́ 324. Ìlọ́po mẹ́rin ni, kì í ṣe méjì. Ìkòkò tó máa gbà á gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ínǹṣì 25 lọ.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ yan kékeré mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí iná jẹ́jẹ́. Ẹ ki igi ìtayín bọ àárín. Tó bá jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná. Tí wọ́n bá tutù, ẹ gé òkè wọn dọ́gba, kí ẹ fi bọ́tà tí ẹ pò mọ́ ṣúgà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dáná o. Èéfín èédú ń pani nínú yàrá.

Lọ́jọ́ ìbí àwọn ìbejì tí Ìbàràpá fi lókìkí, kéèkì kan ṣoṣo ni àlejò máa rí.