Olùṣọ́ Erin ní Yánkárí
Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fi Báúṣì ṣe ibùgbé, ẹ lè ti wẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Wíkì láìmọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ni igbó Yánkárí, tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ní 1956. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ẹ̀bá igbó náà ń kọ́ bí a ti í tọpa erin. Ojú ẹsẹ̀ iwájú a máa rí roboto, ti ẹ̀yìn a gùn díẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá ṣì gbóná, àjànàkú kò jìnnà. Bí agbo erin bá dorí kọ oko, wọn a sáré kìlọ̀ fún àgbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí òru kan péré tó fún erin láti sọ oko di ahoro, àgbẹ̀ tó bá sì pàdánù bẹ́ẹ̀ kì í yára tú àṣírí àwọn tó ń pa erin nítorí eyín rẹ̀.