Èèwọ̀ Abiyamọ: Oúnjẹ Ìyá àti Ọmọ tí Ara Rẹ̀ Kọ Wàrà Màlúù

Ohun tí mo gbé wá kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti tọ́ ọmọ rí. Ọmọ ń mu ọmú, ó ń ké, ó ń bì, ara rẹ̀ sú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ka èèwọ̀ fún ìyá rẹ̀: má jẹ ẹ̀wà, má jẹ ẹja, má jẹ ẹyin, má fi ẹnu kan ata. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá ti rù, ọmọ kò sì dákẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè mọ èèwọ̀ tí ó ní ìdí yàtọ̀ sí èyí tí kò ní.

Òtítọ́ ni pé díẹ̀ nínú ohun tí ìyá jẹ a máa dé inú omi ọyàn. Bí abiyamọ bá mu wàrà màlúù, èròjà amáradàgbà kan nínú rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bẹ́tà-láktógílóbúlìn, lè ti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dé ọyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ara ènìyàn kì í ṣe èròjà yìí rárá. Bí a bá rí i nínú omi ọyàn, ọ̀dọ̀ màlúù ni ó ti wá. Ó kéré jọjọ. Nánógírámù ni a fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú bílíọ̀nù gírámù. Síbẹ̀, fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ lè tó láti dá ìyọnu sílẹ̀.

Ní 1978, Irene Jakobsson àti Tor Lindberg, àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Malmö ní ilẹ̀ Sweden, sọ fún ìyá 18 tí ọmọ wọn ń ké ṣáá nítorí inú rírun pé kí wọ́n yé mu wàrà màlúù. Ọmọ 13 dákẹ́. Ohun tí ó mú kí n ka iṣẹ́ náà sí ni pé wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ìyá náà tún mu wàrà, igbe sì padà dé bá 12 nínú àwọn ọmọ 13 náà. Ìpadàmu yìí gan-an ni ẹ̀rí, nítorí pé igbe ìkókó a máa le sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá tí ó fi ẹja sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí ọmọ rẹ̀ sì dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, yóò di ẹ̀bi ru ẹja tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Igbe nìkan kò sì tó. Ohun tí ó yẹ kí ó mú wa fura ni ẹ̀jẹ̀ àti ikun nínú ìgbẹ́, èébì tí kò dá, tàbí ara sísú tí ó ń yún ọmọ láìsinmi. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò fa ọmú mọ́, tàbí tí kò wúwo sí i, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ìdàrúdàpọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a kàwé pàápàá. Ní 1971, Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú Lancet, tí ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ Yorùbá tí ó ti kúrò ní ọmọ kékeré ni inú wọn kò lè da láktóòsì, ìyẹn ṣúgà inú wàrà. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń fi í ṣàlàyé igbe ìkókó. Ṣúgà ọ̀tọ̀, amáradàgbà ọ̀tọ̀. Inú ọyàn ni a ti ń ṣe láktóòsì omi ọyàn, ohun yòówù kí ìyá jẹ. Ìkókó tí a bí láìní agbára láti dà á sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Wàrà tí a ti yọ láktóòsì rẹ̀ kò lè ran abiyamọ wa lọ́wọ́, nítorí amáradàgbà náà ṣì wà nínú rẹ̀ pátápátá.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ìmọ̀ràn pé kí a já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ, kí a sì fún un ní mílíìkì inú agolo. Láti ara wàrà màlúù ni a ti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn! Ní Odense, ní Denmark, Arne Høst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ọmọ 1,749 tí a bí ní 1985. Ara 39 kọ wàrà màlúù, ṣùgbọ́n 9 péré ni ó jẹ́ pé ọmú nìkan ni wọ́n ń mu nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a yẹ ìwé ilé ìgbẹ̀bí wò, a rí i pé gbogbo àwọn 9 náà ni a ti fún ní mílíìkì inú ìgò ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ayé.

Báwo ni kí a ṣe é? Oúnjẹ kan ṣoṣo ni kí a yọ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi wàrà màlúù ṣáájú. Kí ìyá kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kí ó sì tún padà jẹ ẹ́. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, èèwọ̀ náà ti parí. Wàrà a máa fara pamọ́ sínú búrẹ́dì, bisikíìtì, bọ́tà, kéèkì àti ohun mímu oníkókó, nítorí náà kí a ka ara páálí dáadáa. Wàrà ewúrẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀; ó jọ ti màlúù jù.

Oúnjẹ tí a yọ gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Abiyamọ nílò nǹkan bí mílígírámù 1000 kálísíọ̀mù lójúmọ́. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun, edé àti ẹ̀fọ́ lè pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá tó, oníṣègùn lè fi oògùn kún un. Kí ó máa jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀. (Àwọn tí ń sọ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè kò tíì fi olè kankan hàn mí.)

Bí ẹ̀rí bá fìdí múlẹ̀, èèwọ̀ náà kì í ṣe títí ayé. Nínú àwọn ọmọ Odense, ó lé ní ìdajì tí ara wọn ti gba wàrà kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 1. Nígbà tí wọ́n fi di ọmọ ọdún 3, ó ti tó 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀nba wàrà tí a ti yan mọ́ bisikíìtì ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ọmọ tí ojú tàbí ètè rẹ̀ ti wú rí, tàbí tí mímí ti nira fún nítorí wàrà, ilé ìwòsàn nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ dán an wò.