Àgbéyẹ̀wò Ìgbésí-Ayé àti Iṣẹ́ Ogun Ọ̀gágun Paul von Lettow-Vorbeck (1870–1964)

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ni ni pé ẹni tó bá jẹ tán láìro ti ẹni tí ń bẹ lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ẹrù ohun tó ṣe. Nínú ìtàn ogun, ọ̀rọ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pàṣẹ lè gba oyè, kí ẹni tó ru igbá má tilẹ̀ ní sàréè. Ìtàn Paul von Lettow-Vorbeck, ọ̀gágun ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Jámánì, jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì fún èyí. Láti 1914 títí di 1918, ó kó ọmọ-ogun tí kò tó nǹkan ja ogun ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn alájọṣe wọn kò sì rí i mú. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń kì í ní ọ̀gágun tí ẹnikẹ́ni kò borí. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìgbésí-ayé rẹ̀ àti ọgbọ́n ogun tó lò. Ó sì wo ohun tí ọgbọ́n náà ná àwọn tí wọ́n ru ẹrù rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jẹ oúnjẹ wọn.

Ìbí, Ìtọ́dàgbà àti Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ogun

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 1870 ni wọ́n bí Lettow-Vorbeck ní ìlú Saarlouis, ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì òde òní. Ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Prussia ni ìdílé rẹ̀, ológun sì ni baba rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níṣẹ́ ogun. Nígbà tó di 1890, ó ti di ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ológun. Ní 1900, ó wà lára àwọn tí Jámánì rán lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà láti pa ọ̀tẹ̀ àwọn Boxer. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí bí ogun ṣe ń rí nígbà tí ọmọ-ogun bá wà jìnnà sí ilé, tí ọ̀tá rẹ̀ sì mọ ilẹ̀ jù ú lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wúwo jù dé ní 1904. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, àwọn Herero dìde sí ìjọba amúnisìn Jámánì ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Nàmíbíà lónìí, nítorí ilẹ̀ àti màlúù wọn tó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn òyìnbó àtìpó. Jámánì rán Ọ̀gágun Lothar von Trotha sí wọn. Lettow-Vorbeck wà lára àwọn ìjòyè tó yí Trotha ká. Wọ́n lé àwọn Herero wọ aṣálẹ̀ Omaheke, níbi tí òùngbẹ ti pa ọ̀pọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, 1904, Trotha pàṣẹ pé kí wọ́n yin ìbọn lu Herero yòówù tí wọ́n bá rí láàárín ààlà ilẹ̀ náà, ì báà ní ìbọn lọ́wọ́, ì báà má ní. Lẹ́yìn èyí, Lettow-Vorbeck bá àwọn Nama náà jà, ibẹ̀ ló sì ti fara gbọgbẹ́ tó gba ìríran ojú òsì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Herero àti nǹkan bí ìdajì àwọn Nama ló ṣègbé. Ní 2021, ìjọba Jámánì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé pípa ẹ̀yà run ni ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ohun méjì ni ọkùnrin náà mú kúrò ní ilẹ̀ yìí. Èkíní ni ìmọ̀ nípa bí àwọn Herero àti Nama ṣe ń jà, tí wọ́n ń kọ lù tí wọ́n sì ń sá mọ́ igbó kí ọ̀tá tó gbára dì. Èkejì ni àṣà kí ọ̀gá ogun má ka ẹ̀mí aráàlú sí nǹkan kan.

Ogun Tanga

Ní oṣù Kìíní 1914, Lettow-Vorbeck dé Dar es Salaam láti ṣe olórí àwọn ọmọ-ogun Jámánì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ náà kó Tànsáníà, Rùwáńdà àti Bùrúńdì òde òní mọ́ra. Àwọn Jámánì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 260 lọ, àwọn ọmọ-ogun Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní askari ní èdè Swahili, sì tó 2,500. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, Gómìnà Heinrich Schnee kò fẹ́ kí ogun wọ ilẹ̀ náà rárá. Èrò Lettow-Vorbeck yàtọ̀. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò lè ká Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí òun bá ń yọ wọ́n lẹ́nu láìdẹ́kun, wọn yóò ní láti kó ọmọ-ogun, ọkọ̀ ojú omi àti owó wá sí Áfíríkà, èyí tí wọn ìbá fi bá Jámánì jà ní Yúróòpù. Lójú rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà kò ju ìdẹ lọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, 1914, Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ-ogun tó tó 8,000, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Íńdíà, dé èbúté Tanga. Nǹkan bí 1,000 ni Lettow-Vorbeck rí kó jọ láti pàdé wọn, ọkọ̀ ojú irin ló sì fi kó wọn dé. Ìjà náà le nínú oko àti igbó. Ìró ìbọn rú àwọn oyin tó wà nínú igi sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta tọ̀tún-tòsì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti padà sínú ọkọ̀ wọn. Àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú wọn lé ní 800. Wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn, ìbọn arọ̀jò-ọta àti nǹkan bí 600,000 ọta sílẹ̀ fún àwọn Jámánì. Láti ọjọ́ náà ni òkìkí Lettow-Vorbeck ti kàn.

Ọgbọ́n Ogun àti Ìfaradà

Nítorí pé àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun, díẹ̀ ni ohun tó ń wọlé láti Jámánì. Wọ́n ní láti dá ọgbọ́n sí i. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Königsberg rì sí ẹnu odò Rufiji ní oṣù Keje 1915, wọ́n yọ àgbá mẹ́wàá tó wà lára rẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n jagun lórí ilẹ̀. Ní Amani, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń fi èèpo igi ṣe kìnínì tí wọ́n ń lò fún ibà. Ní oṣù Kọkànlá 1917, ọkọ̀ òfuurufú L59 gbéra láti Bọ̀gáríà pẹ̀lú ẹrù ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ó dé òkè ilẹ̀ Sùdáànù kí ó tó yí padà.

Ní 1916, Jan Smuts ti Gúúsù Áfíríkà kó ọmọ-ogun púpọ̀ wọ ilẹ̀ náà láti àríwá, àwọn ọmọ-ogun Bẹ́ljíọ̀mù sì wọlé láti ìwọ̀-oòrùn. Dar es Salaam àti Tabora bọ́ sọ́wọ́ wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Síbẹ̀, Lettow-Vorbeck kò jẹ́ kí wọ́n ká òun mọ́. Ibi tó bá wù ú ló ti ń dúró jà, bí ọ̀tá bá sì ti fẹ́ yí i po, yóò ṣí kúrò. Ẹṣin àti màlúù àwọn ọmọ-ogun Smuts kú nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń fà, ibà sì dá ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó padà sílé. Èyí ló mú kí Gẹ̀ẹ́sì wá àwọn ọmọ-ogun Áfíríkà láti ibòmíràn.

Àwọn Ọmọ-ogun Nàìjíríà ní Mahiwa

Níbí ni ìtàn náà ti kan Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá 1916, ẹ̀ka mẹ́rin láti ara ọmọ-ogun Nàìjíríà gúnlẹ̀ sí Dar es Salaam. Hausa ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ogun náà, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn wà níbẹ̀, àwọn aláàárù láti Nàìjíríà náà sì lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1917, odò Rufiji kún àkúnya, ọ̀nà bàjẹ́, oúnjẹ kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ebi pa wọ́n ní apá ibẹ̀ ju bí ọta ìbọn ti pa wọ́n lọ.

Láti ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 18, oṣù Kẹwàá, 1917, wọ́n pàdé Lettow-Vorbeck ní Mahiwa. Ó yí apá kan lára àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà ká. Àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó sọnù nínú wọn lé ní 500. Lápapọ̀, nǹkan bí 2,700 ni àdánù ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ti Jámánì sì jẹ́ bí 500. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì ló borí níbẹ̀, Lettow-Vorbeck kò ní ẹni tí yóò fi dípò àwọn 500 náà. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ó ti sọdá odò Ruvuma wọ Mòsáńbíìkì, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Potogí. Ilẹ̀ tí wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn Aláàárù àti Aráàlú

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni dáadáa, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń gbé ogun náà rìn. Níbi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀, tí ẹranko kò sì lè yè, orí ènìyàn ni ẹrù ń gbà kọjá. Bí aláàárù kan bá ru ẹrù oúnjẹ tó wúwo tó kílógíráàmù 25, tó sì ń jẹ kílógíráàmù kan lójúmọ́, ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá lílọ àti ọjọ́ mẹ́wàá bíbọ̀ yóò gba 20 nínú ẹrù náà. Kìlógíráàmù márùn-ún péré ni yóò kan ọmọ-ogun tó ń retí rẹ̀. Nítorí náà, bí ogun bá ṣe ń wọ inú igbó lọ ni iye aláàárù ń pọ̀ sí i, tí oúnjẹ tiwọn sì ń dín kù. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kó ṣe iṣẹ́ yìí tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Àwọn tó kú nínú wọn lé ní 90,000, àìsàn àti ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù.

Ẹgbẹ́ Lettow-Vorbeck kò ní ibùdó oúnjẹ lẹ́yìn, nítorí náà inú oko àti àká aráàlú ni wọ́n ti ń jẹun. Ibi tí wọ́n bá kúrò, wọn kì í fẹ́ kí ohunkóhun kù fún ẹni tí ń lépa wọn. Wọ́n ń kó ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé láti ru ẹrù. Dókítà Ludwig Deppe, tó bá ẹgbẹ́ náà rìn, jẹ́rìí lẹ́yìn ogun pé ìparun àti ìyàn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá gbà kọjá. Àwọn onímọ̀ kan fojú bu àwọn aráàlú tó kú ní ilẹ̀ náà sí 300,000. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá a.

Ìtàn kan náà tó ní kò sẹ́ni tó borí ọ̀gágun yìí ló tún ń sọ pé ìfẹ́ rẹ̀ ló mú àwọn askari dúró tì í títí dé òpin. Michelle Moyd, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2014, fi hàn pé owó oṣù, ipò láwùjọ àti ìdílé wọn tó ń bá ogun rìn ni àwọn askari ń rò. Ní 1917, nígbà tí ìrètí ń tán, ọ̀pọ̀ wọn ló sá lọ.

Ìgbẹ̀yìn Iṣẹ́ Ogun Rẹ̀

Ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá, 1918 ni ìròyìn tó dé etí rẹ̀ ní Sáńbíà òde òní pé ogun ti parí ní Yúróòpù. Ní ọjọ́ 25, ó kó ohun ìjà sílẹ̀ ní Abercorn, ìlú tí ń jẹ́ Mbala báyìí. Àwọn Jámánì 155 àti askari tó lé ní 1,100 ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1919, èrò kún ìgboro Berlin láti fi ayọ̀ pàdé rẹ̀. Jámánì tí Yúróòpù ti ṣẹ́gun ń wá ẹnì kan tí wọn kò ṣẹ́gun, wọ́n sì rí i.

Ní 1920, ó ti àwọn ológun tó fẹ́ fi ipá gba ìjọba lẹ́yìn nínú ọ̀tẹ̀ Kapp, èyí sì fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún yìí kan náà ni ìwé ìrántí ogun rẹ̀ jáde. Láti 1928 sí 1930, ó jẹ́ ọmọ ilé-aṣòfin. Wọ́n ní ó kọ̀ nígbà tí Hitler fẹ́ fi í ṣe ikọ̀ ìjọba sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó ti wù kí ó rí, ìjọba Hitler kò ṣíwọ́ lílo orúkọ rẹ̀, ní 1939 ni wọ́n sì fi oyè Ọ̀gágun Ọmọ-ogun Ẹlẹ́sẹ̀ dá a lọ́lá. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kú sójú Ogun Àgbáyé Kejì. Òun fúnra rẹ̀ kú ní Hamburg ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, 1964, mínísítà ètò ààbò Jámánì sì sọ̀rọ̀ ìyìn níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ní ọdún kan náà, ilé-aṣòfin Jámánì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san owó fún àwọn askari tó ṣì wà láàyè. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà náà kò ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n wá fún wọn ní ìgbálẹ̀ kí wọ́n fi í ṣe bí ẹni gbé ìbọn, bí wọ́n ti ń pàṣẹ fún wọn ní èdè Jámánì. Aláàárù tí kò kọ́ ìbọn gbígbé rí kò ní ohun tí ìbá fi yege irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí àní-àní pé Lettow-Vorbeck mọ ogun jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń ṣọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ogun tó tìtorí rẹ̀ jà sì já sí òfo. Ohun tó kù ni òkìkí, ìwé ti ara rẹ̀ sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Jámánì pàápàá ti tún un wò: wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn bárékè àti òpópónà, èyí tó wà ní Hannover sì ti di Namibia-Allee.

Àwọn aláàárù kò kọ ìwé. Síbẹ̀, èdè bá wọn tọ́jú ìrántí tiwọn. Carrier Corps ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹgbẹ́ wọn, ahọ́n Swahili sì yí i padà. Ọjà ńlá kan wà ní Dar es Salaam títí di òní tí ń jẹ́ Kariakoo, àdúgbò kan sì wà ní Nairobi tí ń jẹ́ Kariokor. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ìtàn akọni, ì báà jẹ́ ti Jámánì, ì báà jẹ́ ti àwọn balógun ilẹ̀ Yorùbá, yóò ṣe ọmọ kíláàsì rẹ̀ lóore bí ó bá kọ́ wọn láti béèrè, lẹ́yìn oríkì, ẹni tó bọ́ ogun náà àti ẹni tó ru igbá rẹ̀ délé.