Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Gígun Òkè Kilimanjaro

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó gun òkè Kilimanjaro. Òkè yìí ni ó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ó wà ní ilẹ̀ Tanzania, nítòsí ààlà ilẹ̀ Kenya, gíga rẹ̀ láti ojú òkun sì jẹ́ 5,895 mítà. Orí mẹ́ta ni ó ní: Kibo, Mawenzi àti Shira. Kibo ni ó ga jù nínú wọn, ṣóńṣó rẹ̀ ni a sì ń pè ní Uhuru, èyí tí ó túmọ̀ sí òmìnira ní èdè Swahili. A fi orúkọ yìí pè é nígbà tí ilẹ̀ Tanganyika gba òmìnira ní ọdún 1961. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ti ilẹ̀ gbogbo wá láti gùn ún. Ọ̀pọ̀ ń dé orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń padà ní agbedeméjì ọ̀nà. Àwọn díẹ̀ kì í sì í padà délé mọ́. Ohun tí ó sábà máa ń ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ kì í ṣe líle ẹsẹ̀ nìkan. Ọ̀nà tí olúkúlùkù yàn kí ó tó gbéra ńlé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ènìyàn tó lè mọ bí a ti í yan ọ̀nà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó mú kí òkè náà ṣòro. Kì í ṣe àpáta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni olórí ìṣòro rẹ̀. Ní púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí ó gun orí rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn títí yóò fi dé òkè. Kò nílò okùn, kò sì nílò àáké tí a fi ń gbẹ́ yìnyín. Afẹ́fẹ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Bí a ti ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, títí ó fi jẹ́ pé ní orí Uhuru, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí ó ń mí sínú ní etí òkun lọ. Kò sí òkè kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó ga tó 1,500 mítà. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gun òkè Ìdànrè láìsinmi ti mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lágbára tó, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohunkóhun nípa bí ara rẹ̀ yóò ti ṣe níbi tí afẹ́fẹ́ gbé fẹ́lẹ́.

Àìsàn tí afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́ ń fà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Oúnjẹ kò ní wu ènìyàn jẹ, èébì yóò máa gbé e, òòyì yóò máa kọ́ ọ, oorun kò sì ní kùn ún. Bí ó bá tẹra mọ́ gígòkè nígbà tí ara ń kìlọ̀ fún un báyìí, omi lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ wú. Nígbà náà ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, tí yóò máa ta gbọ̀ngbọ̀n bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní já gaara mọ́. Èyí lè pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìwòsàn rẹ̀ tí ó dájú jù ni kí a gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé líle ara kì í dènà àìsàn yìí. Ó lè mú eléré ìje, kí ó sì fi àgbàlagbà tí ń rọra rìn sílẹ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, alágbára ni ó tètè ń mú, nítorí pé òun ni ó ń kánjú.

Àkókò ni ó ń ṣẹ́gun afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́. Bí a bá fún ara ní ọjọ́ tí ó tó, mímí àti ẹ̀jẹ̀ yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀ láti bá ibẹ̀ mu. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìṣègùn ni pé nígbà tí ènìyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí yóò sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan kò yẹ kí ó fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tí ó sùn ní alẹ́ tí ó ṣáájú, kí ó sì fi ọjọ́ kan sinmi láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn amọ̀nà pẹ̀lú ní òfin kan tí wọ́n kì í gbàgbé: gòkè lọ́sàn-án, kí o sì sọ̀kalẹ̀ wá sùn lálẹ́. Òṣùwọ̀n méjì yìí ni ó yẹ kí a fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí a tó yàn án.

Ìtàn àwọn tí ìwé sọ pé wọ́n kọ́kọ́ dé orí Kibo fi ìwúlò àkókò hàn. Hans Meyer, ará Jámánì, gbìyànjú ní ọdún 1887, ṣùgbọ́n yìnyín dá a padà. Ní ọdún 1889, ó tún wá pẹ̀lú Ludwig Purtscheller, ará Austria tí ó mọ òkè gígùn dunjú, àti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí ń mọ̀nà tí wọ́n sì ń ru ẹrù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pa ibùdó sí ojú ọ̀nà, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wá bá a níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìgbìyànjú kan bá já sí òfo, kò sí ìdí fún un láti sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà ni wọ́n dé ṣóńṣó òkè. Sùúrù àti ìpèsè ni ó fi kún agbára.

Lóde òní, ọ̀nà mẹ́fà ni ó wọ́pọ̀ jù tí a ń gbà gòkè. Ìkíní ni Marangu, láti apá gúúsù ìlà-oòrùn. Òun nìkan ni ó ní ilé onípákó tí àwọn agunkè ń sùn sí. Lórí àwọn yòókù, inú àgọ́ ni a ń sùn. Ọ̀nà náà mọ́, gíga rẹ̀ kò sì le koko. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní ọ̀nà Coca-Cola, tí wọ́n sì ń pe Machame, èyí tí ó le jù ú lọ, ní ọ̀nà wisikí. Orúkọ yìí ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ 5 lọ tí ó sì bọ̀ ní Marangu yóò sùn ní Mandara ní alẹ́ kìíní, ní nǹkan bí 2,700 mítà. Yóò sùn ní Horombo ní alẹ́ kejì, ní nǹkan bí 3,700 mítà. Ní alẹ́ kẹta, yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ní Kibo, ní nǹkan bí 4,700 mítà, ní òru ọjọ́ náà gan-an ni yóò sì dìde láti kọrí sí Uhuru. Láti Horombo dé Kibo, 1,000 mítà ni ó fi ga sí i ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fọwọ́ sí ni èyí. Ọ̀nà tí ó rọrùn fún ẹsẹ̀ wá di èyí tí ó nira fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí ènìyàn bá sì fẹ́ràn Marangu nítorí ilé tí a ń sùn sí, kí ó fi ọjọ́ 6 ṣe é, kí ó sì fi alẹ́ tí ó lé sùn ní Horombo lẹ́ẹ̀kan sí i.

Machame gba apá gúúsù lọ. Ibẹ̀ ni gíga àti sísọ̀kalẹ̀ pọ̀ sí, ẹsẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, agunkè a máa dé ibi àpáta kan tí a ń pè ní Lava Tower, ní nǹkan bí 4,600 mítà, a sì tún sọ̀kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco, tí kò tó 4,000 mítà. Òfin àwọn amọ̀nà nìyẹn. Ọjọ́ 6 tàbí 7 ni a fi ń rìn ín. Ọjọ́ 7 ni ó sàn jù, nítorí ó fi alẹ́ kan kún un ní Karanga kí a tó dé Barafu, ibùdó tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ọ̀gbun ń bà lẹ́rù ní láti mọ̀ pé ògiri àpáta kan wà ní Barranco tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn. Lemosho wá láti ìwọ̀-oòrùn, ó la pẹ̀tẹ́lẹ̀ Shira kọjá, ó sì darapọ̀ mọ́ ọ̀nà Machame. Ọjọ́ 7 tàbí 8 ni. Ọ̀nà kan tún yà láti ibẹ̀ yí ẹ̀yìn òkè ká ní apá àríwá. Òun ni ó gùn jù, ó sì sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 9. Méjèèjì yìí ni ó fún ara ní àyè jù lọ.

Rongai wá láti àríwá, nítòsí ààlà Kenya. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà náà sì rọra ń gòkè ni, kò sí ibi tí a ti ń fi ọwọ́ gun àpáta. Ó dára fún ẹni tí kò lágbára ẹsẹ̀ púpọ̀, bí ó bá lè fi ọjọ́ 7 rìn ín. Umbwe ni ó kúrú jù, tí ó sì ga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù. Ní ọjọ́ kejì pàápàá, ó ti gbé ènìyàn dé Barranco. Kì í ṣe ọ̀nà fún ẹni tí ń gun òkè gíga fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí ẹni tí ń lọ bá ti mọ àwọn ọ̀nà, kí ó yíjú sí ara rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ti sùn rí níbi tí ó ga ju 3,000 mítà lọ? Bí ó bá ti sùn níbẹ̀ rí, báwo ni ara rẹ̀ ti ṣe? Ǹjẹ́ ó lè rìn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà léra wọn? Ǹjẹ́ orúnkún rẹ̀ lè gba sísọ̀kalẹ̀? Ọjọ́ ṣóńṣó òkè le púpọ̀: ní nǹkan bí agogo méjìlá òru ni a ń gbéra, nínú òtútù tí omi ń dì, lẹ́yìn tí a bá sì ti dé òkè ní òwúrọ̀, a ó tún sọ̀kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dá ṣáká gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Èyí tí ó kan àwọn ọmọ ilẹ̀ wa gan-an ni ti ẹ̀jẹ̀: òkè gíga báyìí léwu púpọ̀ fún ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀larùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ AS pẹ̀lú kò gbọdọ̀ lọ láìgba ìmọ̀ràn dókítà. Òfin ọgbà náà kò sì gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 lọ sí ṣóńṣó òkè.

Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá gun Kilimanjaro. Amọ̀nà tí ó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ amọ̀nà ju fífi ojú ọ̀nà hàn lọ. Òun ni ó ń béèrè láràárọ̀ bí orí ti rí, òun ni ó ń wo ẹni tí kò jẹun, òun ni ó sì ń ké léraléra pé “pole pole”, ìyẹn ni “rọra, rọra” ní èdè Swahili. Nígbà tí ó bá sọ pé kí ènìyàn padà, ọ̀rọ̀ parí. Nítorí náà, kí agunkè má ṣe purọ́ fún un. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀fọ́rí pamọ́ nítorí pé kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òun rẹ́rìn-ín ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ìgbà pẹ̀lú ní láti bá ọ̀nà mu. Láti oṣù Ẹrẹ́nà dé oṣù Èbìbí ni òjò ńlá ń rọ̀ níbẹ̀, òjò kékeré sì ń rọ̀ ní nǹkan bí oṣù Bélú. Oṣù Sẹ́rẹ́ àti Èrèlé, àti láti oṣù Okúdù títí wọ Ọ̀wàrà, ni ó dára jù. Ọ̀rọ̀ owó kò sì kéré. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ni a ń san owó ọgbà, owó amọ̀nà àti ti aláàárù, nítorí náà ọ̀nà ọjọ́ 5 ni ó pọ́ọ́kú jù lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó san owó ọjọ́ 5 tí ó sì padà láìdé òkè ti náwó dànù, ẹni tí ó san ti ọjọ́ 7 tí ó sì dé ibẹ̀ ní àlàáfíà ni ó jèrè. Bí owó kò bá tó ọjọ́ 7, ó sàn kí a dúró kí ó tó.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ọ̀nà tí ó yẹ ẹni ni èyí tí ó fún ara ní ọjọ́ tí ó nílò, tí ẹsẹ̀ sì lè rìn dópin. Bí ó bá sì di dandan láti padà, kí agunkè padà láìtijú. Òkè náà kò ní ṣí kúrò níbi tí ó wà. Meyer pàápàá kọ́kọ́ padà kí ó tó dé ibẹ̀.