Gbígbà Fídíò Yàtọ̀ sí Fífi Í Pamọ́: Àlàyé lórí Kámẹ́rà Ayárayàwòrán nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

Ìfáárà

Bí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ dùndún ní Àgọ́-Ìwòyè, tí eyín ayùn bá wọ gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí tí ẹja bá ta sókè nínú ọ̀sà ní Ìwòpin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ojú lásán kò lè rí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kámẹ́rà ayárayàwòrán ló lè fi í hàn wá. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé gbígbà fídíò yàtọ̀ sí fífi í pamọ́, àti pé ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ náà lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Bí kámẹ́rà ṣe ń gba fídíò

Ẹ jẹ́ kí a mú àwòrán tí ó ní píksẹ́lì 1,280 ní ìbú àti 1,024 ní òró. Bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 1, àwòrán kan yóò gba báìtì 1,310,720. Bí a bá ya 1,000 irú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé ní báìtì bílíọ̀nù 1.3. Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì gígábíìtì 1 kò lè gbé ju báìtì mílíọ̀nù 125 lọ láàrin àkókò náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ fi ń kó àwòrán sínú mẹ́mórì ara wọn ná. Bí mẹ́mórì bá kún, àwòrán tuntun a máa rọ́pò èyí tó pẹ́ jù, títí olùṣèwádìí yóò fi tẹ bọ́tìnnì pé ó tó.

Fífi fídíò pamọ́

Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wọ̀nyí, bí iná bá lọ, ohun inú mẹ́mórì lọ nìyẹn. Báìtì bílíọ̀nù 8 yóò sì gba ìṣẹ́jú àáyá 64, ó kéré tán, kí ó tó dé inú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà:

(i) kí a so kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà mọ́ bátìrì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀;
(ii) kí a fi sọ́fítíwìà yan ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, kí a sì fi ìwọ̀nba náà nìkan pamọ́;
(iii) kí a tọ́jú ẹ̀dà tí a kò fún pọ̀ fún ìwọ̀n, kí a fún èyí tí a ó fi han akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀;
(iv) kí a kọ iye àwòrán ìṣẹ́jú àáyá kan sílẹ̀. Bí a bá fi 30 han àwòrán 1,000 náà, ìṣẹ́jú àáyá kan yóò di bíi 33. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, a kò lè ṣírò eré ohun tí a yà.

Ìgúnlẹ̀

Àgbàdo tí a ya tí kò tíì dé àká kò tíì di tiwa. Kí olùṣèwádìí má ṣe tún bẹ̀rẹ̀ gbígbà mìíràn, àfi bí ó bá ti ṣí fáìlì àkọ́kọ́ wò lórí kọ̀ǹpútà.